Bútíkì oúnjẹ màlúù tó wà lọ́nà Pobè ní Kétu: wọ́n á kọ́kọ́ bi yín nípa koríko kí wọ́n tó wọn ohunkóhun fún yín

Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin màlúù ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti agbègbè ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa bútíkì yìí torí àwọn èèyàn ò yé bi mí pé níbo ni mo ti ń ra oúnjẹ tí màlúù mi ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn, mo sì máa ń júwe ẹ̀ fún wọn lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ju júwe-júwe lọ. Kò ní pátákó. Tẹ́ ẹ bá ń jáde kúrò nílùú lọ sí Pobè, ọwọ́ òsì yín ló wà, ilẹ̀kùn ẹ̀ láwọ̀ ewé, àpò sì máa ń tò síta títí dé etí títì. Ìyá kan ló ni ín, "ọ̀dọ̀ màmá" ni gbogbo wa ń pè é.

Abo màlúù mẹ́fà ni mo ní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Borgou ni gbogbo wọn, mẹ́ta ń fún wàrà lọ́wọ́, mo tún ní akọ méjì tí mò ń bọ́ de Iléyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Borgou, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe màlúù tó ń fún lítà 15 lóòjọ́, lítà kan ààbọ̀ sí méjì ni tiwọn, àmọ́ wọ́n ní ìfaradà, àìsàn tí eṣinṣin ń gbé kiri kì í tètè mú wọn balẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣe wàgáṣì, ìyẹn wàràkàṣì, là ń ta wàrà náà fún, owó ẹ̀ la sì fi ń san owó iléèwé àwọn ọmọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn fi ká mi lára tó báyìí.

Kí n tó mọ ọ̀dọ̀ màmá, mo ti ra èérí lọ́wọ́ ẹnì kan, mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, àpò mẹ́rin, owó ẹ̀ dín sí ti gbogbo ọjà, inú mi dùn. Nígbà tí mo tú àpò kejì, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ, ó ti dì ní ìṣù ìṣù, ohun funfun kan sì ti hù sára ẹ̀. Àwọn màlúù gbóòórùn ẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́. Èyí tí kò tíì bu, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ omi, mo rò ó, mo jẹ́ kó silẹ̀, ìgbà tí mo da omi ẹ̀ nù, iyanrìn tó kù nísàlẹ̀ abọ́ nípọn tó ìka kan. Ìka kan o! Iyanrìn ni mo gbé sórí bàláǹsì, tí mo sanwó fún.

Torí náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mijàn níwájú bútíkì màmá, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ kú ọjà o màmá, túrútò òwú ni mo fẹ́, àpò méjì." (Oúnjẹ màlúù tó ń wá látara kóró òwú ni, màá ṣàlàyé ẹ̀ níwájú.) Wọn ò dìde. Wọ́n ní, "Káàbọ̀ ọmọ mi. Koríko wo ni wọ́n ń jẹ nílé?" Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí màmá, koríko wo ló kù, èérí ni mò ń fún wọn, kílò mẹ́rin mẹ́rin lóòjọ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Àwọn oníwàgáṣì ò tíì wá bá ẹ jà?"

Ẹnu yà mí, torí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wọn wá bá ìyàwó mi pé kí ló dé tá a ń da omi sí wàrà, pé lítà márùn-ún tó máa ń fún òun ní wàgáṣì mẹ́ta kò tó méjì mọ́, bóun da ewé bọmubọmu sí i tó kì í dì dáadáa. Ìyàwó mi sunkún lọ́jọ́ yẹn. A ò da omi kankan sí i.

Màmá wá jókòó, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní inú màlúù kì í ṣe inú adìẹ, pé ikùn ẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ yẹn bí ìkòkò ńlá ló ṣe rí, àwọn ohun tín-tìn-tín tójú ò lè rí ló wà níbẹ̀ tó ń bá a jẹ koríko náà dẹlẹ̀. Tí koríko tó gùn bá wà níbẹ̀, màlúù á pọ̀ ọ́ padà wá sẹ́nu, á jẹ àpọ̀jẹ, itọ́ á máa ṣàn wọlé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ikùn ẹ̀ kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ kìkì èérí ló ń gbé mì, kò ní jẹ àpọ̀jẹ tó, ikùn á kan, ọ̀rá á sì dín nínú wàrà. Wàrà náà lè má dín o, àmọ́ á ṣàn, ọwọ́ oníwàgáṣì ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá bi mí níkọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ̀ẹ̀sún ò sí létí odò? Ó wà. Àwọn tó gbin ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ni wọ́n ń fi ewé ẹ̀ ṣe? Wọ́n ń sun ún. Àwọn tó ń yan gàrí ńkọ́, èèpo ẹ̀gẹ́ wọn? Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń dà á sí. Àgúnmániyè tí wọ́n fi ṣe ọgbà ńkọ́? Ó kún ibẹ̀. Wọ́n ní màlúù tó bá wọn tó kílò 250, oúnjẹ tó máa jẹ lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá yọ omi kúrò nínú ẹ̀, kílò 6 sí 7 ni, tó bá wá jẹ́ koríko tútù, ó gbọ́dọ̀ lé ní kílò 25, torí omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù. Kí n lọ kó ewé ẹ̀pà yẹn kí wọ́n tó dáná sí i, kí n sá èèpo ẹ̀gẹ́ sóòrùn fún bí ọjọ́ mẹ́ta kó gbẹ dáadáa torí tútù ẹ̀ ní májèlé nínú, kí n sì fi omi síwájú wọn, omi tó mọ́, bídọ̀ǹ kan ò tó màlúù kan, torí wàrà fúnra ẹ̀ omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀.

Wọ́n wá ta túrútò fún mi, àpò kan. Mo sọ pé méjì ni mo fẹ́, wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan lọ ná, kí n wá kó koríko, tí mo bá padà wá kí n gbé ìkejì. Ẹ rí i, ibi tí mo ti fọkàn tán wọn nìyẹn. Ẹni tó ń ta ọjà tó ní kó o má rà á tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró kúrò lára kóró òwú là ń pè ní túrútò òwú. Òwú pọ̀ nílẹ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, Bohicon sì ni wọ́n ti ń fún òróró ẹ̀. Èyí tí wọ́n bó èèpo ẹ̀ dáadáa, nínú 100 kílò ẹ̀ nǹkan bíi 40 jẹ́ purotéènì. Ti èkùrọ́ tó ń wá láti ọ̀nà Pobè àti Sàkẹ́tẹ́, 15 sí 18 ni, ó sì dín lówó. Màmá ń ta méjèèjì. Níwájú yín ni wọ́n á ti gbé e sórí bàláǹsì, tó bá sì jẹ́ ti èkùrọ́ tàbí èérí, abọ́ omi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á bù ú sí i kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ óò sì fojú ara yín rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mi ò tíì rí iyanrìn níbẹ̀ rí. 12 500 fáráǹ ni mo ra àpò kílò 50 ti òwú lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òun ló rọ̀ jù lágbègbè yìí.

Mo padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ti kó ewé ẹ̀pà ẹ̀kún tirisíkì méjì. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ pé mo fẹ́ fi túrútò òwú kún ti ọmọ màlúù kan tó jẹ́ oṣù méjì, torí ó rù. Wọ́n ti bu kílò márùn-ún sínú ọ̀rá, wọ́n dà á padà sínú àpò. "Rárá o. Kì í ṣe èyí." Ohun kan wà nínú kóró òwú tó ń jẹ́ gossypol, ikùn màlúù tó ti dàgbà lè ká a lápá kò, àmọ́ ikùn ọmọ ò tíì gbó, ó lè ba ọkàn ẹ̀ jẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ pàápàá ẹ kíyè sí i. Wọ́n ní kí n fi wàrà ìyá ẹ̀ sílẹ̀ fún un, ṣé mi ò fún un gbẹ jù láàárọ̀? Òótọ́ ni, mò ń fún un gbẹ. Ọyàn kan ni mo wá ń fi sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ náà, àti èérí àgbàdo díẹ̀ pẹ̀lú koríko tútù tó rọ̀, ọmọ yẹn ti ń fò kiri báyìí.

Ti àwọn akọ méjì yẹn, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ààbọ̀ kílò, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n má ṣe bí ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́nà Ìlárá tó da àgbàdo ẹ̀kún agbọ̀n síwájú akọ tí ebi ń pa, inú ẹ̀ wú bí ìlù, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú. Mi ò ní bàláǹsì tó lè gbé màlúù, okùn ni mo fi ń wọn àyà wọn, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, mo ta á ní kókó síbi tó pàdé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo tún fi okùn náà yí i ká, kókó yẹn ò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi wọ àárín ẹ̀ pátápátá. Mo pe ìyàwó mi jáde kó wá wò ó. Wàrà àwọn mẹ́ta yẹn náà ti sún mọ́ lítà méje lóòjọ́, oníwàgáṣì yẹn sì ti wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Àmọ́ kò dá mi lára ní gbogbo ọ̀nà o. Tó bá di oṣù kejì sí ìkẹta, ìgbà tá a nílò ẹ̀ jù, túrútò òwú máa ń tán níbẹ̀, ẹ ó sì dúró de kamíọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ tí mo padà lófo, kò sẹ́ni tó pè mí, mo sì ti fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Màmá yẹ kí wọ́n máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí ọjà bá dé, ọmọ wọn mọ̀ ọ́n lò. Wọn kì í kọ rìsíìtì. Bí èrò bá wà níwájú yín, ẹ mú sùúrù dání, torí gbogbo ẹni tó bá dé ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí yẹn, ó lè gba wákàtí kan. Iyọ̀ tí màlúù ń lá, ti òkúta yẹn, wọ́n ní in, ó dára, àmọ́ òun ló wọ́n jù. Wọ́n sì máa ń kọ̀ láti ta yúríà, ajílẹ̀ funfun yẹn, fún ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi rẹ pòròpòrò, èyí ni mo fara mọ́ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, torí mo ti rí màlúù tó lá a, kò pẹ́ rárá kó tó kú.

Wọ́n ń gba MoMo. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọn kì í ṣí títí wọ́n á fi kírun tán, ẹ má lọ ṣáájú ìgbà yẹn. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ti ka màlúù yín, ẹ mọ iye oṣù tí ọmọ tó wà níbẹ̀ jẹ́, kẹ́ ẹ sì mọ koríko tẹ́ ẹ ní nílé, torí wọ́n máa bi yín.