SSD tí mo fi rọ́pò hard disk láptọ́ọ̀pù mi: oṣù 4 rèé

Òkun o, gbogbo ilé. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo fi ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbbà. Bí mo bá ti tàn án láàárọ̀, màá gbálẹ̀, màá nu tábìlì, màá bu epo sínú jẹ́ń, n ó sì padà wá bá àwọn àmì róbótóróbótó yẹn tí wọ́n ṣì ń yí. Ìṣẹ́jú 6 àtààbọ̀ ni mo kà lórí fóònù. Màmá kan tó gbé ìwé ètò ìsìnkú wá láti Ìyàrá jókòó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí náà ń ṣọ̀fọ̀ ni?"

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kò ná mi lówó. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, mo bọ́ sí Startup nínú Task Manager, níbi tí wọ́n to àwọn áàpù tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ sí. Ẹ wo èrò! Áàpù orin, áàpù ìpàdé, títí dórí áàpù printa tí mo ti tà. Mo pa gbogbo wọn, mo fi antivirus nìkan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ló dín, ṣùgbọ́n 100% ni Disk ṣì ń fi hàn níbẹ̀, ìyẹn ni pé hard disk ń ṣiṣẹ́ dé góńgó.

Oníṣẹ́ kan ní ká "format" rẹ̀. Ó gba ₦5,000, ó nu gbogbo ìwé ìgbéyàwó tí mo ti tò sílẹ̀ nù, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni ìyára náà lò. Inú ṣì ń bí mi.

Àṣé hard disk ọ̀hún, ibi tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo fáìlì sí, gan-an ló ń fà á. Awo inú rẹ̀ ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá kan sì ń wá fáìlì kiri lórí rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ giramafóònù. Bí Windows bá ń jí, fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń béèrè, apá yẹn á wá máa sáré sókè sódò. SSD náà ń kó fáìlì pamọ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń yí rárá.

Lọ́kọ́ja ni mo ti ra SSD 240GB ní ₦28,000, irú SATA tó bá ojú ihò hard disk àtijọ́ mu. Ọmọkùnrin tó bá mi fi í sí gba ₦4,000. Ó fi okùn USB da gbogbo ohun inú ti àtijọ́ sínú tuntun kó tó tú ìdí láptọ́ọ̀pù. Èyí tó yọ wúwo lọ́wọ́. Tuntun fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná. Nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù sórí tábìlì, a ò mọ ibi tó ti jáde dòní.

Ìṣẹ́jú àáyá 22! Mi ò tíì gbé ìgbálẹ̀.

Ó ní àléébù o. 223 ni Windows ń kà nínú 240 yẹn (kì í ṣe jìbìtì, ọ̀nà tó ń gbà ṣírò ló yàtọ̀), ó sì ti ń kún. RAM mi (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ṣì jẹ́ 4GB, nítorí náà bí mo bá ṣí ojú ìwé púpọ̀ nínú Chrome, ó ń wọ́. Kò sì wo ti Windows 10 sàn: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní October 14, 2025, ẹ̀rọ mi kò sì lè gba 11. Kẹ́ ẹ tó ra tiyín, ẹ ṣí Task Manager wò. Bí wọ́n bá kọ SSD síbi Disk, ibòmíì ni ẹjọ́ wà.

Hard disk àtijọ́ wà nínú àpò USB báyìí. Fọ́tò òkú àwọn oníbàárà ni mo ń kó sí i.