Ètò ìsinmi etíkun Gánà tí wọ́n bá wa ṣe láti Iléṣà: ta ló ń lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iléeṣẹ́ tó bá wa ṣètò ìrìn àjò yìí kọ sínú ètò pé a ó bá àwọn apẹja Elmina, ìlú etíkun kan ní Gánà, lọ sójú òkun. "Agogo mẹ́fà àárọ̀, ọkọ̀ apẹja, ẹ mú fìlà dání." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wa ní ọ́fíìsì wọn ní Iléṣà níbí, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pupa lé e. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjèèjì fi dé etí omi. Gbogbo ọkọ̀ ló tò rẹrẹ, àsíá aláràbarà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí wọn, kò sí ẹyọ kan tó fẹ́ ṣí. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀, ó fi àwọ̀n kọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kó lè le dáadáa, ó ń fi abẹ́rẹ́ oníke àti òwú aláwọ̀ aró hun ibi tó ya. Mo kí i, mo bi í pé ọkọ̀ wo làwa máa wọ̀. Ó wò wá tòkè tilẹ̀, ó wo fìlà orí wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Túsìdeè lòní, madam."

Àwọn Fante, ẹ̀yà tó ń gbé etíkun ibẹ̀, kì í pẹja lójú òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òrìṣà òkun ló ni ọjọ́ náà, ẹni tó bá rú èèwọ̀ yẹn, olórí apẹja yóò gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ awo rárá, ọmọdé tó ń ta kẹ́ńkè létí títì mọ̀ ọ́n. Àwọn tó gbowó wa nìkan ni kò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nílùú tí a ti ń ṣe Ìwúdè Ògún, ẹ kò ronú pé ìlú oníìlú náà ní èèwọ̀ tiẹ̀?

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìgbádùn o." Ìgbádùn kẹ̀! Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, kò já lù mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n má bínú, òun ń gbé fóònù fún ọ̀gá. Ọ̀gá dé, ohùn oorun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ṣe é lọ́la." Lọ́la ńkọ́, tó jẹ́ ìwé tiyín náà ló ní ọkọ̀ máa gbé wa padà sí Accra ní ìdájí ọ̀la? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ká lọ wo odi àwọn Pọtogí dípò rẹ̀. Mo ní a ti wò ó lánàá. Ó ní, "Ẹ tún un wò, mà, ó tóbi." Ibi tí ọkọ mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi nìyẹn. (Odi ọdún 1482 ni, ó sì tóbi lóòótọ́, àmọ́ ẹlòmíràn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ tó.)

Kí n tó dé orí owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n fi dà wá láàmú títí a fi lọ gba abẹ́rẹ́. Àwa ọmọ ECOWAS kò nílò físà fún ọjọ́ 90, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n fi máa ń gbé pásípọ́ọ̀tù nìkan. Láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ́ títí dé ti Aflao tí a gbà wọ Gánà, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń fa àwọn míì nínú bọ́ọ̀sì wa sí, àwa ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀, "ojú rẹ̀ kọ òkun" ni wọ́n kọ. Ojú rẹ̀ kọ ilé epo. Ẹ máa rí òkun o, tí ẹ bá gun orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó kù díẹ̀ kí agogo méje lù, a ṣì dúró sínú iyanrìn, ni fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Ọmọbìnrin yẹn ni, fóònù ara rẹ̀ ló fi pè. "Mà, Kakum tó wà nínú ètò yín fún ọ̀sán, mo ti gbé e sí àárọ̀ yìí. Awakọ̀ ti ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín mọ́." Awakọ̀ dé lóòótọ́. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 33 láti Cape Coast lọ sí Kakum, igbó ńlá tí wọ́n so afárá okùn mọ́ orí igi rẹ̀, a sì débẹ̀ kí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé tó dé. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀ ju ti ọmọ onílé lọ, àmọ́ wọ́n ti san tiwa.

Afárá méje ni, okùn, àwọ̀n àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bíi mítà 350 lápapọ̀, ó sì ga tó mítà 40 níbi tó ga jù. Ọkọ mi yìí kan náà tó máa ń gun ìpele méjèèje Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láì mí hẹlẹ, orí afárá kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Nígbà tí a dé àárín, afọ̀nàhàn ní ká dúró ká dákẹ́. Kò sí ẹlòmíràn lórí okùn àfi àwa. Kùrukùru ṣì wà lórí igi. Ni àtíòro kan bá fò kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa o, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fìì, fìì, a rí ẹ̀yìn rẹ̀ kedere. Ọmọ mi kékeré di aṣọ mi mú, kò sọ̀rọ̀, àní ọmọ tí kì í dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní ọ̀sán gangan la lọ gẹ́gẹ́ bí ìwé ọ̀gá ṣe wí, ariwo èèyàn nìkan la ò bá gbọ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti sanwó oúnjẹ sílẹ̀ fún wa, báńkù (òkèlè àgbàdo àwọn ará Gánà) àti ẹja díndín, ní ilé oúnjẹ kan létíkun. Mo bi ọmọbìnrin náà pé ta ló ní kó ṣe é. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é mà. Inú ló ń bí yín."

Ó wá ku owó. ₦30,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ apẹja, lọ́tọ̀ ló wà nínú rìsíìtì. Ọ̀gá ní inú àpapọ̀ ló wà, kò ṣeé yọ. Ọmọ òṣómàáló ni mí, ẹ ò lè fi ìyẹn lé mi. Bí a ṣe dé báyìí, mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn látàárọ̀. Ó gbé mínírà fún mi, mo mu ún, n kò dìde. Ó ní òun máa ṣe ẹ̀dínwó fún wa nígbà míì, n kò dìde. Nígbà tó di ọ̀sán tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mi, ó fi ₦60,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi. Ìdajì nìyẹn. Ó ní ìdajì yòókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ náà kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. A ti san àsansílẹ̀ fún Ouidah àti Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin ní Kérésìmesì, àmọ́ mo ní ọmọbìnrin yẹn ni kó kọ ètò náà, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ mi ní 2 ló tọ́ sí wọn. Kó lọ fi fóònù tiẹ̀ kọ ọ́.