Parrilla kékeré tó wà nítòsí ilé mi ní Boedo

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹun ní parrilla yìí báyìí, ìyẹn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń sun ẹran lórí ẹyín iná, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Tábìlì wọn kò ju 10 lọ, ní àdúgbò Boedo níbí ní Buenos Aires, olú ìlú Argentina. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sídìí fèrèsé. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní àga tó sún mọ́ iná, kí ẹ lè máa wo ọwọ́ ẹni tó ń sun ẹran.

Bàbá àgbàlagbà kan ni. Maestro ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Apẹ̀rẹ̀ irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí igi quebracho ti ń jó. Igi yẹn le débi pé ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ni pé ó ń ṣẹ́ àáké. Bàbá kì í gbé ẹran sórí iná tó ń jó lala. Á dúró títí igi á fi di ẹyín iná, tí ẹyín náà á máa já bọ́ nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, á wá fi irin wọ́ ọ lọ sábẹ́ ẹran díẹ̀díẹ̀. Á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè ibẹ̀, á máa ka ení, èjì sínú kó lè mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Bí ooru bá pọ̀ jù, á wọ́ díẹ̀ kúrò. Àwọn irin tí ẹran wà lórí rẹ̀ ní kòtò láàárín, wọ́n sì dà gẹ̀rẹ́, kí ọ̀rá lè máa ṣàn síwájú dípò kó máa kán síná. Ìdí nìyẹn tí ẹran rẹ̀ kì í fi í rùn èéfín.

Vacío ni kí ẹ jẹ. Ẹran ìhà ikùn màlúù ni, iyọ̀ oníhóró ńlá nìkan ló fi sí i. Ó lé ní wákàtí 1 tí mo fi ń wò ó lórí irin. Ọ̀rá tó bò ó lójú gbẹ, ó ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lẹ́nu ọ̀bẹ, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan òwú tó tutù. Èmi kì í fẹ́ rí pupa lára ẹran rárá, “cocido”, ìyẹn èyí tó jinná dénú, ni mo bèèrè nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, Bàbá náà mirí, ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe é “a punto”, ìyẹn kó jinná níwọ̀nba, kí àárín rẹ̀ ṣì pupa díẹ̀. Mi ò tíì padà sí cocido láti ọjọ́ náà.

Tira de asado, ìyẹn egungun ìhà màlúù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, náà dára: ọ̀gangan egungun ló ń dojú rẹ̀ kọ iná títí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yí i padà. Chimichurri wọn, ìyẹn ọbẹ̀ tí wọ́n ń bù sórí ẹran, kún fún aáyù àti fínígà, ṣùgbọ́n ata inú rẹ̀ kò ta.

Àwọn àléébù wà. Ìfun tí wọ́n ń pè ní chinchulines le bí rọ́bà lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo sì sọ fún wọn. Ọ̀dùnkún díńdín tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n tún ń gba owó cubierto, ìyẹn owó búrẹ́dì àti ṣíbí, lẹ́tà kín-ín-kín-ín ni wọ́n fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé oúnjẹ. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó jókòó.

Aago 8 alẹ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ tètè dé, torí bó bá fi máa di aago 10, ìdí fèrèsé nìkan ló máa ṣẹ́kù.