Àgbéyẹ̀wò: Ètò ìdárayá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ idà gígùn

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tà á, pọ́n-ún 25, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ẹ ó sì máa fi ṣe é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìjà idà Yúróòpù àtijọ́, èyí tó wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní HEMA (Historical European Martial Arts), ni wọ́n ṣe é fún. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni ín, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá wọn rò, irú ètò báyìí sì pọ̀ lọ súà, àléébù wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ẹni tó bá gbọ́ "idà", apá ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń gbé idà dé ọ̀dọ̀ alátakò. Fiore dei Liberi, ọ̀gá onídà ará Ítálì, ya erin sí abẹ́ ẹsẹ̀ onídà nínú ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó di ilé ìṣọ́ rù ú, ó ní kì í kúnlẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlóṣòó 12 lẹ́ẹ̀mẹta ni ẹ ó máa ṣe, ìgbésẹ̀ gígùn 8 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti gìgísẹ̀ gbígbé 15, tí ẹ ó máa rọra sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹ má fo ti gìgísẹ̀ yẹn o. Títa síwájú lójijì ló máa ń ṣe okùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ léṣe. Ibi tí orúnkún bá sì kọjú sí, ibẹ̀ náà ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí orúnkún bá ń wọ inú, ẹ wo ìbàdí: ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti yí, tí ẹsẹ̀ ò sì bá a yí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni nǹkan dàrú. Wọ́n ní ká mú idà irin, ká fi gé afẹ́fẹ́ nígbà 100 ní apá ọ̀tún, 100 ní apá òsì. Feder, idà irin ìdánrawò tó máa ń tẹ̀, sábà máa ń wọ̀n tó kílò 1.3 sí 1.6. Lọ́wọ́, kò wúwo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jù ú pẹ̀lú agbára, tí ẹ sì ní láti dá a dúró lójú afẹ́fẹ́, iṣan ẹ̀yìn apá, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ló ń ṣe bíréèkì rẹ̀. Ẹni tuntun tún máa ń fún èèkù mọ́wọ́ bí ẹni tó di adìẹ tó fẹ́ já mú. Kò ní pẹ́ tí egungun ìta ìgbọ̀nwọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí gbígbé ife omi lásán á máa dùn ún.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú nìyí, wọn ò sì fi sí i. Ẹ jókòó, ẹ gbé apá lé itan, àtẹ́lẹwọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ yọ kọjá orúnkún. Ẹ di ìgò omi lítà kan mú lọ́rùn. Ẹ fi ọwọ́ kejì ràn án gòkè, kí ọwọ́ kan ṣoṣo wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Nígbà 12, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Fún èjìká, ẹ so rọ́bà mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ mú ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, ẹ fà á síta nígbà 15. Gígé afẹ́fẹ́ ọ̀hún, ẹ fi 20 bẹ̀rẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 10 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lo igi tàbí idà oníke ná. Kí ọwọ́ dẹ̀ lórí èèkù títí idà á fi fẹ́ débi tó ń lọ. Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ dúró ní Ochs, ìdúró ìjà kan, èèkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ṣóńṣó sí ojú alátakò, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí èjìká bá ń gun etí lọ, irin ò tíì yá.

Wọ́n tún padà ṣe dáadáa lórí mímí. Dípò eré kìlómítà rẹpẹtẹ, ìṣẹ́jú àáyá 30 pẹ̀lú gbogbo agbára ni, 30 ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹjọ, èyí tó jọ bí ìjà ṣe ń rí gan-an. Wọn ò kàn sọ pé ìbòjú àti jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn tí wọ́n ń wọ̀ jà máa ń mú ooru pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ fi àṣálẹ́ ṣe é, kí ẹ mu omi kó tó di pé òùngbẹ gbẹ yín. Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì kún un ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan.

Fídíò nínà ara? Irú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá rí lè rà á, tó bá máa sún idà irin di ọ̀sẹ̀ keje. Ẹni tó ti ń gbé irin ìdárayá déédéé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ á sú u. Kó fi pọ́n-ún 25 rẹ̀ kún owó ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ìka ọwọ́ wà lára ohun tí idà máa ń kọ́kọ́ bà.