Àwọn ajẹ́ǹtì Wuse 2 tó bá mi ṣètò Maldives

Ẹ̀yin èèyàn mi l'Abuja, àwọn tó bá mi ṣètò Maldives ní Wuse 2 yìí gbìyànjú o. Àǹtí tó dá mi lóhùn ò gbowó físà kankan, ó ní téèyàn bá débẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sínú pásípọ́ọ̀tù lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ 30, ṣáà ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti ìwé hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Yẹ́lò káàdì mi, ó gbé e ti pásípọ́ọ̀tù, ó ń fi bírò tọ orúkọ mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àṣé lẹ́tà kan ti sọnù níbẹ̀, mo bá lọ tún un ṣe. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Èyí tó dùn mí ni fọ́ọ̀mù IMUGA, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí arìnrìn-àjò máa ń kọ fáwọn imigiréṣọ̀n Maldives, wọn ò sọ ọ́ rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń kọ ọ́ láàárín wákàtí 96 kéèyàn tó débẹ̀, ẹ́apọ́ọ̀tù ni wọ́n ti bi mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, èrò tò sẹ́yìn mi. Ìyẹn ò da.

Ẹ má gbé ọtí dání o, wọ́n á gbà á. Ní Maafushi, erékùṣù kan níbẹ̀ táwọn ará ìlú ń gbé, ẹ wọ aṣọ tó bora láàárín ìlú, mùsùlùmí ni wọ́n. Plọ́ọ̀gì wọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa ni. Màá ṣì padà sọ́dọ̀ àǹtí yẹn.