Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú Pico W àti MicroPython lórí táǹkì omi wa ní Kubwa

Orí ṣíìpù PIC16F84 lèmi ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí gbogbo RAM (ààyè ìrántí) tí èèyàn ní kò ju báìtì 68 lọ. À ń ka báìtì bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń ka ẹran sínú àwo. Nígbà tí àbúrò mi tó jẹ́ kọ́pà wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi Python kọ prógíráàmù táǹkì yìí," ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Python, èdè prógíráàmù àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, nínú ṣíìpù tí kò tó èékánná?

Iṣẹ́ náà kò le. Bí iná bá dé lóru, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ní kọ́ńpáùndì wa ló ń tan pọ́ǹpù. Bí ó bá tún sùn lọ, omi a máa dà nù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí iná ò bá dé rárá, ọwọ́ mẹ́rúwà la wà. A fẹ́ ohun tí yóò máa wo omi, tí yóò máa tan pọ́ǹpù, tí yóò máa pa á, tí yóò sì máa ránṣẹ́ sórí fóònù.

16,000 náírà ni mo ra Pico W, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní Wi-Fi, ní Wuse. Dọ́là 6 ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde ní 2022, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. RAM rẹ̀ jẹ́ kìlóbáìtì 264. Láti fi MicroPython (Python tí wọ́n gé kúrú fún irú ṣíìpù kékeré bẹ́ẹ̀) sí i, mo tẹ bọ́tìnì BOOTSEL mọ́lẹ̀, mo ki okùn bọ kọ̀ǹpútà, ó yọ bíi fláàṣì, mo da fáìlì MicroPython kan (UF2) sí i. Omi ẹ̀bà tí mo gbé kaná kò tíì hó.

Orí àkàbà ni mo ti gba fún un. Ká ní èdè C ni, bí mo bá yí nọ́ńbà kan padà, mo ní láti kọ́ńpáìlì (tú u sí èdè ṣíìpù), kí n tún un dà sínú ṣíìpù, kí n tó tún gun òkè. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi jókòó nísàlẹ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, ó tẹ ìlà kan, bọ́ọ̀dù dáhùn lójú ẹsẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 87. Mo ti igi bọ táǹkì, mo wọ̀n ọ́n: 88. Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, a ti parí ìwọ̀n.

Ẹ̀rù mi tẹ́lẹ̀ ni pé Python á lọ́ra jù fún sẹ́ńsọ̀ HC-SR04, èyí tó ń fi ìró wọn ibi tí omi dé, nítorí nǹkan bíi máíkrósẹ́kọ́ǹdì 58 péré ni ìró fi ń lọ tó fi ń bọ̀ fún sẹ̀ǹtímítà kan. Àṣé time_pulse_us, àṣẹ inú MicroPython tó ń ka àkókò yẹn, C ni wọ́n fi kọ ọ́ nínú. Python kàn ń ránni níṣẹ́ ni. (Ẹ má gbàgbé resistor méjì lẹ́sẹ̀ echo, ẹsẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ fi ń dáhùn, o. 5V ló ń tú jáde, 3.3V ni Pico ń fẹ́.)

Ọjọ́ kẹrin ni ojú tì wá. Omi kún, ó dà, ó wọ àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà tí onílé kó jọ. Alhaji kàn wò mí: "Haba, ínjíníà!"

Ẹ̀bi mi ni. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni mò ń ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò sì fi close() pa èsì tó ń padà dé. Wọ́n jókòó sínú RAM títí ààyè fi tán. Kọ̀ǹpútà ńlá lè bo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí kò ní ibi tó fẹ́ bò ó sí. Èyí tó wá burú jù ni pé, bí àṣìṣe bá dá prógíráàmù dúró, ẹsẹ̀ tó tan pọ́ǹpù kò ní paná fúnra rẹ̀. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo fi close() sí i, mo sì fi WDT (watchdog timer) ṣe ajá ìṣọ́: bí prógíráàmù kò bá fún un lóúnjẹ láàárín sẹ́kọ́ǹdì 8, yóò tún bọ́ọ̀dù tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, rílè, súìṣì tó ń tan pọ́ǹpù, á sì jábọ̀. Kò lè dúró ju mílísẹ́kọ́ǹdì 8,388 lọ lórí ṣíìpù yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kubwa, nítorí náà mo dín àkókò tó fi ń dúró de èsì kù sí sẹ́kọ́ǹdì 5. Láti ìgbà yẹn, kò tíì ṣẹ̀ mí.

4 nínú 5 ni mo fún un. N kò jẹ́ fi ṣe ínfátà láéláé, torí ó lè dúró gbá RAM mọ́ nígbàkígbà tó bá wù ú, irú iṣẹ́ yẹn kò sì mọ ẹ jọ̀ọ́. C ni tibẹ̀. Ṣùgbọ́n omi táǹkì kì í kánjú.

Àbúrò mi ti parí ìsìn, ó ti padà sí Òṣogbo. Lánàá ni Alhaji bi mí bóyá mo lè ṣe ọ̀kan sí ilé rẹ̀ ní Suleja. Mo ní kó ra bọ́ọ̀dù wá, kó sì kọ́kọ́ gbé sìmẹ́ǹtì kúrò nídìí táǹkì.