HandBrake àti Subtitle Edit: bí mo ṣe lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ fídíò Màmá wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó kù díẹ̀ kí n pa iṣẹ́ yìí tì kó tó wá bọ́ sí i.

Màmá wa, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Obì ni wọ́n tà ní Ṣàgámù níbí látìgbà tí wọ́n ti délé ọkọ, gbànja ni o, àwọn Hausa Sábó ló ń rà á lọ́wọ́ wọn tí wọ́n á kó o sọ́kọ̀ lọ sókè Ọya. Lọ́jọ́ kan mo gbé fóònù síwájú wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní Màmá ẹ sọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 47 láìsinmi. Rẹ́mọ ni wọ́n sọ látòkè délẹ̀, Rẹ́mọ gidi, kì í ṣe Yorùbá orí rédíò, èmi tí mo dàgbà sílé yẹn gan-an ń dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin níbòmíì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá wà ní Kánádà, èyí àgbà nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 11, ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé ni Yorùbá wọn mọ. Tí mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò yẹn, ohùn lásán ni wọ́n máa gbọ́.

Mo kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn. Mo kọ sọ́bútáítù, ìyẹn ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò, sínú fáìlì SRT, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àkókò tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa jáde, mo sọ ọ́ lórúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò, mo kó àwọn méjèèjì sínú fódà kan, VLC tí mo fi ń wo fídíò lórí láptọ́ọ̀pù mi gbé e jáde kíá. Inú mi dùn, mo fi ránṣẹ́ sí Kánádà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fídíò yẹn lórí WhatsApp, kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n kó o sórí flash, wọ́n fi í sára tẹlifíṣọ̀n, òfìfo náà ni. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àfi kí ọ̀rọ̀ yẹn di ara àwòrán fúnra rẹ̀, kó jẹ́ pé ibikíbi tí fídíò bá dé ló máa bá a dé, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè yọ ọ́ mọ́.

Ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn máa bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò yẹn jẹ dátà mi, nígbà tó jáde, orúkọ tiwọn ló wà gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè Màmá. Ó dùn mí gan-an. Mo pa á rẹ́.

Ohun tí mo wá ń lò báyìí jẹ́ méjì, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Subtitle Edit ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀, HandBrake ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí Subtitle Edit torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ó máa ń ya ohùn sójú kọ̀ǹpútà bí ìgbì omi, ẹ máa fojú rí ibi tí Màmá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti ibi tí wọ́n ti mí, ẹ ó kàn fi máọ̀sì fa ibi tí ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó parí. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kọ 00:12:41,300 --> 00:12:44,800 bí èmi ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú Notepad, tó jẹ́ pé ẹ bá ṣi kọ́mà kan péré kọ, ìlà yẹn lè má jáde. Tí ìlà bá sì gùn jù fún ẹni tó ń kà á, ó máa ń yí àwọ̀ padà kí ẹ lè mọ̀. Ó ní ibì kan tó ń lo Whisper láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀, Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo dán an wò pẹ̀lú ìrètí gidi, àmọ́ ohun tó kọ jáde fún Rẹ́mọ Màmá ò jọ èdè ẹnikẹ́ni. Etí ara mi náà ni mo padà fi gbọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, lálaalẹ́ tí iná bá wà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn wá ńkọ́? Mo fẹ́ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ, ọ̀kan Yorùbá fún àwa tílé. Níbi ìṣẹ́jú 12 nínú fídíò yẹn, tí mo bá kọ ọ́ sí Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, ohun tí Màmá sọ nìyí: Ọkọ́ ọkọ mi ni mo fi ń ro oko obì yẹn. Ẹ wá yọ àmì kúrò kẹ́ ẹ wò ó: Oko oko mi ni mo fi n ro oko obi yen. Ta ló máa mọ ohun tí Màmá ń sọ? Àbúrò mi kan bá mi tẹ apá kan lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, Notepad ibẹ̀ fi pamọ́ bíi ANSI, ìyẹn ọ̀nà ìfipamọ́ àtijọ́ tí kò mọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá, nígbà tí mo ṣí i, gbogbo ibi tí ẹ, ọ àti ṣ wà ti di àmì ìbéèrè, ọkọ Màmá di ?k?, Ṣàgámù di ?àgámù. Kò sì ṣeé tún ṣe, àfi ká tún un tẹ̀. Torí náà UTF-8, èyí tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, ni kẹ́ ẹ máa fi pamọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí mo ṣe ti Yorùbá àkọ́kọ́, àmì orí ọ́ tún fò kúrò lórí rẹ̀ ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bá fi sọ́bútáítù yẹn pamọ́ bíi ASS dípò SRT, torí ASS ń jẹ́ kéèyàn yan irú lẹ́tà tó fẹ́, mo yan Noto Sans tí Google ṣe, gbogbo àmì jókòó síbi tó yẹ.

HandBrake ò le. Orí handbrake.fr ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má gbà á níbòmíì. Lórí Windows tèmi ó ní kí n kọ́kọ́ gbé .NET Desktop Runtime ti Microsoft wọlé, ìyẹn ohun tó nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, mo ṣe é. Ẹ ṣí fídíò, ẹ lọ síbi Subtitles, ẹ tẹ Import Subtitle, ẹ mú fáìlì yín, ẹ wá máàkì Burn In. Burn In yẹn gan-an lọba. Mi ò máàkì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, mo dúró tì í títí ó parí, ọ̀rọ̀ ò tún jáde lórí fóònù torí ó kàn fi sínú fáìlì lásán ni, kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Ẹ ṣe Preview rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ Start Encode, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ àbí kò sí. Sọ́bútáítù kan ṣoṣo ló sì ń lẹ̀ mọ́ fídíò kan, torí ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, Yorùbá lọ́tọ̀.

Àkókò ni mo fi ń bá a jà. Láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́, ìṣẹ́jú 47 yẹn gbà á tó wákàtí méjì, ó sì gbóná bí ààrò. Wọ́n mú iná lọ nígbà tó dé bíi ìdajì, bátìrì mi ò sì pẹ́, ó kú, àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀ torí kò lè máa bá a lọ láti ibi tó dúró. Ní báyìí mo máa ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ní ti kó mọ́lẹ̀ dáadáa, mo fi RF sí 22, nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń dáa sí i tí fáìlì ń wúwo sí i. Èyí tó wá látinú fóònù tó 6GB, ó jáde ní bíi 1GB, mi ò sì rí ìyàtọ̀ lójú Màmá. Ẹ rán an bíi Document lórí WhatsApp, ó ń gbà tó 2GB, tẹ́ ẹ bá rán an bíi fídíò lásán ó máa fún un pọ̀, lẹ́tà á sì bàjẹ́. Kí ẹ sì má pa ojúlówó rẹ́ láéláé, torí tẹ́ ẹ bá rí àṣìkọ lọ́la, inú rẹ̀ lẹ máa padà sí. Èmi ti rí mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní Sunday tó kọjá. Wọ́n ti wò ó tán lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún 11 yẹn ló gba fóònù, ó ní òun rí i kà pé ọkọ́ Bàbá ni Màmá fi ń ro oko, ó ní ọkọ́ yẹn ńkọ́. Mo gbé fóònù lọ bá Màmá. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, igi rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.